Ojú Bàbá Rẹ Kì Í Ṣe Àfojúbù

Adébánjí ọmọ mi,

Báwo ni Èkó? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Olúwa tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Àwa níbí ní Ifọ̀ ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ti jẹ etí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ géèmù tí o gbé sílẹ̀ nígbà ọdún ni. O ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ náà pé àwòrán kékeré, bàìbàì, ni ẹ̀rọ náà ń yà, pé ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní AI, tó ti wo àìmọye àwòrán rí, ló ń fojú bu èyí tó kù, tó ń sọ ọ́ di ńlá tó mọ́ kedere. Mo sì rí i lóòótọ́: koríko pápá bọ́ọ̀lù tó dà bí ọbẹ̀ ilá tẹ́lẹ̀, ó ń hàn lẹ́yọ-lẹ́yọ. Mo ní áà, bó bá lè ṣe é fún koríko, kí ló dé tí kò ní ṣe é fún bàbá rẹ? Ni mo bá mú fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, mo fi ẹ̀kọ lẹ etí rẹ̀ mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n, mo tan ẹ̀rọ, mo jókòó tì í láti àárọ̀ títí wọ́n fi mú iná lọ. Bó ṣe wà náà ló wà, èèrà nìkan ló jèrè ẹ̀kọ.

Hàkímù tó ń tún fóònù ṣe ní ìdíkọ̀ ló sọ fún mi pé géèmù nìkan ni ẹ̀rọ tìrẹ mọ̀, pé irú AI bẹ́ẹ̀ wà lórí fóònù òun fún fọ́tò. Ó ṣe é, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Lo bá pè mí pé bàbá ti dára, pé kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí ìrántí ọgbọ̀n ọdún ikú rẹ̀ tó dé.

N kò gbé e kọ́, n kò sì ní gbé e kọ́. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ yẹn, n kò mọ̀ ọ́n rí. Pélé tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ, ẹ̀rọ pè é ní ìdọ̀tí, ó nù ún kúrò. Eyín iwájú tó kán nígbà tó jábọ́ lórí ọ̀pẹ, ó fi òmíràn dí i.

N kò bá koríko jà o. Ta ló ka koríko pápá rí? Bí ẹ̀rọ bá fojú bù ú tó ṣì í, kò sẹ́ni tí yóò sunkún. Ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ ní ẹni tó mọ̀ ọ́n, mo ṣì wà láàyè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa fojú bu ọkọ mi níṣojú mi. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni ọ́ nígbà tó kú. Bí mo bá gbé àlejò yẹn kọ́, òun ni wàá máa pè ní bàbá títí ayé, kí èmi sì dákẹ́? Ó tì o.

Owó férémù tí o fẹ́ ṣe fún un, fi ránṣẹ́ sí mi, kí n fi kan páànù ilé ìdáná tí atẹ́gùn ṣí. Bàìbàì tiwa ni mo gbé kọ́. Wá lọ́jọ́ Sátidé, jókòó tì mí, èyí tí fọ́tò ò fi hàn, èmi á fi ẹnu sọ ọ́ fún ọ. Kí o tó máa bọ̀, wo jígí: imú yẹn, ti bàbá rẹ ni.

Ọlọ́run á dá ọ sí, kó má di pé ẹ̀rọ ni yóò máa fojú bù ọ́ fún ọmọ tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morádéyọ̀