Ìgbésí Ayé Màmá Dókítà Olóorun, Aya Tí Ó Dúró Ti Ọkọ Tí Ń Jà Lójú Oorun

Ọdún 1942 ni a bí ìyá wa, tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí Màmá Dókítà Olóorun. Bàbá rẹ̀ ń rán tìmùtìmù ibùsùn fún títà, ìyá rẹ̀ sì ń kọ́ni ní ilé-ìwé àwọn ọmọdé. Òun ni àbígbẹ̀yìn wọn. Inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, láàrin òwú àti abẹ́rẹ́ gígùn, ni ó dàgbà sí, a sì gbọ́ pé kò sí tìmùtìmù tí wọ́n tà níbẹ̀ tí ọmọ yìí kò kọ́kọ́ sùn lé. Àwọn oníbàárà kì í bínú. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti lè hanrun lórí rẹ̀, ọjà náà dára nìyẹn. Ibẹ̀ ni orúkọ Olóorun ti wá.

Ní 1949 ó wọ ilé-ìwé. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò tán: ó fẹ́ mọ ibi tí ènìyàn ń lọ bí ó bá sùn. Ìyá rẹ̀ a ní, “Ìwọ lo máa ń lọ síbẹ̀ jù, ìwọ ni kó o sọ fún wa.” Ìbéèrè yìí ni ó gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó gboyè dókítà ní 1967, ó sì tún lọ kọ́ ìmọ̀ ọpọlọ.

Ní 1968 ó fẹ́ bàbá wa. Atẹ̀wé ni bàbá, onísùúrù ènìyàn, tí ó jẹ́ pé bí adìẹ bá ṣèèṣì wọlé, ẹ̀bẹ̀ ni yóò fi lé e jáde. Ilé wọn tòrò, wọ́n bí wa, wọ́n sì tọ́ wa.

Àfi bí ó ṣe di 1987 tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí jà lójú oorun. Yóò pariwo, yóò ju ẹ̀ṣẹ́, yóò ta ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ ní dídì. Bí ó bá jí, kò mọ ohunkóhun ju àlá tí ó lá lọ. Nígbà tí ó ṣe, Màmá dé ẹnu iṣẹ́ pẹ̀lú ojú wíwú. Ó ní ọwọ́ ọkọ òun ni, ṣùgbọ́n ọkọ òun ń sùn ni. Ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, agbẹjọ́rò, gbé àpótí òfìfo dé pẹ̀lú ìyá wọn, kí wọ́n fi kó ẹrù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, “Ọmọ mi, ilé ọkọ kì í ṣe ojú ogun. Dìde, ká máa lọ.” Bàbá gan-an fara mọ́ ọn. Ìtìjú ti bá a débi pé orí àga nínú ilé ìdáná ni ó ń sùn, tí ó ń fi bẹ́líìtì de ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ àga. Ó ní kí aya òun máa lọ, kí òun má baà ṣe é léṣe.

Màmá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Yàrá kan wà ní ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti ń wo bí ènìyàn ṣe ń sùn: bẹ́ẹ̀dì kan, fèrèsé onígíláàsì, àti ẹ̀rọ tí ń fa ìlà sórí bébà. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ orí bàbá, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojú ìfẹ́ ni òun fi wò ó, dókítà mìíràn ni Màmá ní kí ó ka ẹ̀rọ náà. Òun jókòó ti ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, ó ń ṣàlàyé. Ó ní oorun pín sí oríṣiríṣi. Àkókò kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí ẹyinjú máa ń sáré kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí ọpọlọ a máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ènìyàn ti jí. Ìgbà náà ni àlá máa ń pọ̀ jù. Ọpọlọ yìí kan náà ni í sì mú kí iṣan ara rọ̀, kí ẹni tí ń sáré lójú àlá má baà sáré já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Kò pẹ́ tí ẹyinjú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ìlà iṣan rẹ̀, tí ó yẹ kí ó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, ń fò sókè. Bàbá kígbe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbá ìrọ̀rí lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Dókítà jí i, ó bi í pé kí ló rí. Pẹ̀lú òógùn lójú, bàbá ní ajá ńlá kan ló fi eyín gbá ìyàwó òun mú láṣọ, òun sì ń lé e. Ìyá àgbà kọjú sí ògiri, ó sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé àpótí padà sínú ọkọ̀.

Oògùn dín ìjà náà kù, wọ́n sì gbé bẹ́ẹ̀dì méjì sí yàrá, pẹ̀lú tìmùtìmù láàrin. Màmá kò fi pamọ́ fún bàbá pé irú oorun yìí a máa ṣáájú àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n lọ́jọ́ ogbó. Bàbá ní bí ó bá dé, àwọn á jọ wò ó.

Ní 1991 Màmá di olórí ẹ̀ka ìtọ́jú oorun. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó bá tún ibùsùn wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó bá fẹ́ fi oorun bojú kò rí i mú. Ó máa ń sọ fún irú wọn pé ẹni tí ó la ojú kalẹ̀ lu ìyàwó rẹ̀ kò ní àìsàn oorun, àgọ́ ọlọ́pàá ni ilé ìwòsàn rẹ̀. Ó máa ń lọ bá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ náà, kí ó lè kìlọ̀ fún wọn pé rédíò títàn kì í lé oorun lọ; kí wọ́n dúró, kí wọ́n sùn.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, ó sì kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin títí ohùn fi kọ̀ ọ́. Òun ni ó bẹ àlùfáà pé kí ó má máa nàka sí àwọn tí ń tòògbé nígbà ìwàásù. Ó ní ibi tí ọkàn wọn ti balẹ̀ ni wọ́n rí yẹn.

Ní 2019 ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí Màmá ti wí. Nígbà tí àìsàn ọkàn dá Màmá dùbúlẹ̀ ní 2023, ó ní kí a gbé tìmùtìmù àárín kúrò, kí a so bẹ́ẹ̀dì méjèèjì pọ̀. Àwa ọmọ kọ̀, a ní ara rẹ̀ kò lè gba ẹ̀ṣẹ́ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo mọ ẹni tí mò ń sùn tì.” A gbà fún un. Ọ̀sán ni ó kú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, bàbá ń sùn jẹ́jẹ́.

Ọkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin: nọ́ọ̀sì, atẹ̀wé, olùkọ́ àti awakọ̀ òfuurufú. Àwọn ọmọ-ọmọ náà wà, àti àtọmọdọ́mọ kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nílé.

Bàbá ní kí a kọ ọ̀rọ̀ tòun sí ìparí: “Ẹ bá mi sọ fún un pé èmi gan-an bẹ̀rù ara mi nígbà yẹn. Òun ni kò bẹ̀rù mi.”

Ẹ sùn re o, Màmá wa. Kí Olúwa tẹ́ ibùsùn àlàáfíà fún yín, kí ó sì dúró ti bàbá fún wa.