Igba Lẹ́tà Ó Lé Mẹ́rìnlá Nínú Fúláàṣì Zdravko

                                        Ilé Kẹtàdínlógún, Àbáwọlé Kejì,
                                        Òpópónà Etí-Odò,
                                        Lom, Bulgaria.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje, ọdún 2006.

Zdravko, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ yìí ti kúrò lẹ́gbẹ́ rẹ. Láti etí odò Danube títí dé Òkun Dúdú, èmi nìkan ni ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jí òkú ọdún mẹ́ta, tó mú un sọ̀rọ̀ sétí ìyá tó bí i, tí irinṣẹ́ tó sì fi ṣe é kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Sofia ti ń wá mi kiri. Mo ní kí wọ́n lọ tò sórí ìlà.

Ó yá, báwo ni o? Ṣé àlàáfíà lo wà lórí òkè yẹn? Àwọn àgùntàn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi? Ajá tó gé ọ jẹ níjọ́sí, ṣé ara rẹ̀ ti yá? Mo mọ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì kò dé ọ̀dọ̀ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bírò àti bébà bí akọ̀wé ayé àtijọ́. Ara tèmi le. Màmá mi ṣì wà ní Gíríìsì, wọ́n ń tọ́jú arúgbó olówó kan níbẹ̀. Ara Màmá Àgbà náà le, àfi ojú wọn tó ń ṣú sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kí òpó iná kan káàárọ̀, wọ́n sì bínú pé kò dáhùn.

O rántí agbo àwọn ọlọ́sìn ẹyẹlé tí bàbá mi máa ń kọ̀wé sí lórí kọ̀ǹpútà? Kì í ṣe àwọn ojúlé aláwòrán mèremère tòde òní. Agbo àtijọ́ ni: ẹnì kan á kọ lẹ́tà, gbogbo ọmọ agbo á kà á, wọn á fèsì, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ sì lèèyàn fi ń kà á. Ilé-iṣẹ́ tó ń fún ìlú wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà àgbà kan, ẹni tí kò bá sì sí lórí wáyà wọn kò lè dé ibẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, bí bàbá mi bá ti kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ti kí àwọn ẹyẹlé wọn ní àjà, ìdí kíkọ lẹ́tà ló kàn. Ọ̀rọ̀ wọn tó kù láyé, ibẹ̀ ló wà. Kọ̀ǹpútà tiwọn, omi tó jò láti ilé òkè ti pa á.

Ní oṣù Karùn-ún ni ìwé dé pé wọ́n ti ta ilé-iṣẹ́ náà, pé bí oṣù Kẹfà bá ti parí, wọn yóò pa kọ̀ǹpútà àgbà náà, ó di gbére.

O sì mọ Màmá Àgbà pẹ̀lú ìwé ìkéde olóògbé. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ogójì ọjọ́, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ọdún méjì, kò sí èyí tí wọn kò lẹ̀ mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn àti òpó, tàwòrán tàwòrán. Ti ọdún kẹta gbọ́dọ̀ wà lára ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn atẹ̀wé máa ń kọ sí i.

“Yavor, ‘ìbànújẹ́ wa kò lópin’ tí wọ́n kọ sára ìwé ọmọ mi, òun náà ni wọ́n kọ sára ti ọ̀mùtí tó kú sínú kòtò. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ mi ni mo fẹ́. Lọ bá mi mú un wá.”

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé kò le ju kéèyàn mu ife boza kan lọ. Ẹnu mi yìí!

Gbọ̀ngàn ìkàwé nìkan ló ní kọ̀ǹpútà tó wà lórí wáyà yẹn tí irú wa lè fọwọ́ kàn. Àǹtí Tsvetana ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́bodè, tó ń pa hóró òdòdó oòrùn lẹ́nu. Wọ́n ti ti gbogbo kọ̀ǹpútà náà pa, ẹnikẹ́ni kò lè fi nǹkan tuntun sí i láìní ọ̀rọ̀ aṣínà. Milko ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, Milko sì ti gbé e sínú orí lọ já èso ní Sípéènì.

“Ìwọ ọmọ Lyubomir, kí lo tún wá bà jẹ́?”

“Àǹtí, mi ò ní ba nǹkan kan jẹ́. Ètò kékeré kan ni mo fẹ́ fi sí i.”

“Fi sí i kẹ̀? Ọwọ́ tó bá fi nǹkan sínú kọ̀ǹpútà mi, ilẹ̀kùn ni mo máa fi há a.”

“Tó bá dúró sínú fúláàṣì ńkọ́, tí kò fẹsẹ̀ kan inú kọ̀ǹpútà yín rárá?”

Wọ́n tu èèpo dànù. “Tí kò bá fẹsẹ̀ kàn án, mi ò rí i nìyẹn. Ohun tí mi ò rí, mi ò lè lé e.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá ètò tó dà bí ìgbín nìyẹn, èyí tó ń gbé ilé tirẹ̀ kọ́rùn, tí kì í tọrọ yàrá lọ́wọ́ onílé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, Zdravko! Mi ò jẹun, mi ò mu. Èyí àkọ́kọ́ kọ “arìnrìn-àjò” síwájú orí. Mo ṣí i, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí kọ̀ǹpútà máa fi í wọ̀ sí. Èkejì ń sọ èdè Jámánì, ó sì ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹ̀kẹta ṣí dáadáa, àmọ́ inú kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú ìrántí rẹ̀ pa mọ́ sí, bẹ́ẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀, bí wọ́n bá ti pa wọ́n, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń gbàgbé. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, á tún bi mí pé ta ni mí, bí àna tí kò fẹ́ kéèyàn wọlé. Ìgbà tó yá ni mo já sí ojúlé bàbá arúgbó ará Czech kan tí kò fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọdún 1999. Ètò rẹ̀ kéré, àyè tó ń gbà kò tó ìdajì ti orin kan. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Ìgbín mi dé!

Fúláàṣì rẹ tí o yá mi kún, nítorí náà mo ní láti pa àwọn orin rẹ rẹ́. Má ké. Mo gbàdúrà fún wọn kí n tó pa wọ́n.

Ọjọ́ Friday, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí wọ́n máa pa kọ̀ǹpútà àgbà gan-an, mo jókòó. Àwọn ọmọdé ń kọ́ ijó lókè, eruku àjà ń dà sí mi lórí. Mo wọ agbo náà, mo wá orúkọ bàbá mi: Lyubomir Vasev, igba lẹ́tà ó lé mẹ́rìnlá. Mo sàmì sí gbogbo wọn, mo ní kí ètò kó wọn wá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré! Mo pariwo.

“Ṣé o jẹ tẹ́tẹ́ ni?” Àǹtí Tsvetana jágbe mọ́ mi.

“Bàbá mi ni, Àǹtí! Gbogbo wọn ti wọlé!”

Wọ́n wá ti àpò hóró wọn sí mi níwájú. O mọ̀ pé wọn kì í fún èèyàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú Màmá Àgbà lọ sí gbọ̀ngàn ìkàwé, wọ́n wé gèlè dúdú bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka àkọlé àwọn lẹ́tà náà fún wọn. “Ẹyin méjì lọ́jọ́ kan.” “Ta ló rí abo ẹyẹlé aláwọ̀ eérú, òrùka 417?” “Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta.” “Ẹ̀yin ará Vidin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo òrùlé yín.” Màmá Àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá mi léjìká. Èyí tó kẹ́yìn, ọjọ́ mọ́kànlá kí bàbá mi tó ṣubú sídìí ẹ́ńjìnnì: “Mo fi fèrèsé àjà sílẹ̀ ní ṣíṣí.”

Mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ kó ṣí. Funfun. Ètò náà ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sí níbí, kí n lọ bá kọ̀ǹpútà àgbà. Èkejì, funfun. Ogún, ọgbọ̀n, funfun. Ìgbà yẹn ló yé mi. Láyé ìgbà tí wáyà tẹlifóònù ń fà bí ìgbín, àkọlé nìkan làwọn àgbà agbo kọ́kọ́ ń kó; wọn á yan èyí tó wù wọ́n, wọn á sì padà lọ gbé ara rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Gbogbo arúgbó ibẹ̀ ló mọ̀. Èmi ọ̀gá ò mọ̀. Orí igba èèyàn ó lé mẹ́rìnlá ni mo gé wá, mo fi ara wọn sílẹ̀. Mo pe kọ̀ǹpútà àgbà náà títí, kò dáhùn. Wọ́n ti pa á. Ìgbín mi dé lóòótọ́, ìkarahun nìkan ló gbé bọ̀.

Àmọ́ èyí tó kẹ́yìn sọ̀rọ̀, Zdravko. Òun nìkan. Mo kà á fún Màmá Àgbà báyìí: “Ẹyẹlé mi kò tíì dé. Òjò ń gba ojú fèrèsé wọlé, mi ò ní tì í. Ìyá mi gbé banitsa gbígbóná gun àkàbà wá bá mi lórí àjà, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò sọ. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Ẹ̀yin ará agbo, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níṣojú yín.”

Màmá Àgbà sún àga wọn mọ́ tèmi.

“Lyubomir ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn ni, Màmá.”

“Láti ọjọ́ tí mo ti já a lẹ́nu ọmú, kò dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi rí.” Wọ́n fi etí gèlè nu awò ojú wọn, awò tí wọn kò fi ríran mọ́. “Tún un kà.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ètè wọn ti ń ṣáájú tèmi.

Ìwé ìkéde tó gbé ọ̀rọ̀ náà ti wà lára gbogbo ilẹ̀kùn báyìí, ó wà ní èbúté, ó wà ní ibùdó bọ́ọ̀sì. Àǹtí Tsvetana sunkún lójú pópó. Lánàá, Màmá Àgbà yan banitsa, wọ́n ń pín in fún ẹni tó bá dúró ka ìwé náà. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n wá bi mí pé ọjọ́ wo la tún máa lọ ka ìyókù, pé igba ó lé mẹ́tàlá ṣì kù. Mo ní a máa lọ. Ibo la máa lọ? Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ lọ́la, mi ò mọ ti ọ̀túnla.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n màmá rẹ, kí o sì kí ajá yẹn látòkèèrè.

Mo mọ̀ pé o ti ń bi ara rẹ pé èwo ni irọ́ níbẹ̀. Ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Sofia, o ti mọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, márùn-ún ni, mo sì jẹun dáadáa. Àmọ́ kò sí òkú tó sọ̀rọ̀, Zdravko. Lẹ́tà tó kẹ́yìn náà funfun báláú bí àwọn yòókù. Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ nìkan ni ti bàbá mi. Òjò, àkàbà, banitsa, ọpẹ́, èmi ni mò ń kà wọ́n jáde lójú funfun, bí Màmá Àgbà ṣe gbé etí sí mi. Orúkọ bàbá mi ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ káàkiri ìlú. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà má sọ fún àgùntàn.

Èmi náà ni, ẹni tìrẹ, tí fúláàṣì rẹ kò tíì kúrò lápò rẹ̀,

Yavor.