Ìfẹ̀hónúhàn Lórí Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ Tí Wọ́n Rì sí Ojú Ọ̀nà Omi Nadaveta

Abúlé Vunisei,
Erékùṣù Vatukoro,
Fíjì.
9 Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Akọ̀wé Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Àṣẹ Ìwádìí Inú Òkun,
Suva.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE FÚN ẸGBẸ́ PELL NÍ ÀṢẸ TUNTUN LÓRÍ NADAVETA, KÍ Ẹ SÌ BÁ WA GBA OHÙN TÍ WỌ́N KÓ LỌ NÍBẸ̀

1. Èmi ni Seruwaia Ravulo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, Olùkọ́ sì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí títí di òní. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí. N kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ pé òun rí òkú, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀, bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

2. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, ọkọ mi, Manasa Ravulo, lọ pẹja ní Nadaveta, ojú ọ̀nà tí omi gbà la àpáta iyùn já sí òkun ńlá. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, òkun sì dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí kò dé, àwọn ará ilé wa wá a lọ. Wọ́n bá ọkọ̀ rẹ̀ lórí ìdákọ̀ró. Ó ti ká ẹ̀wù rẹ̀ sórí ìjókòó, ẹ̀gẹ́ sísè tí mo dì fún un sì wà nínú abọ́ láìjẹ. A kò rí òun fúnra rẹ̀ títí di òní.

3. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, baálẹ̀ fi èèwọ̀ lé Nadaveta fún ọgọ́rùn-ún òru. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja, lúwẹ̀ẹ́ tàbí wa ọkọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wọ ibẹ̀, a óò padà sí òru kìn-ín-ní. Ìgbà tí iye yẹn bá pé ni a óò sè, tí a óò jẹ, tí a óò sì ṣí omi náà. Ilé méjìdínlógún ló ń jẹun láti Nadaveta. Láti oṣù Karùn-ún, àpáta ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó ráhùn.

4. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ni Dókítà Garrick Pell, olórí ẹgbẹ́ ìwádìí òkun tí à ń sọ yìí, kó akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá láti ilẹ̀ òkèèrè dé. N kò ní ohunkóhun lòdì sí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọdún kẹrin nìyí tí irú wọn ń wá yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n ń ka ẹyin ìjàpá òkun, wọ́n sì ń ṣa ike kúrò ní etíkun. A máa ń pín wọn sílé. Èyí tó kàn mí ni Ladina Caflisch, ọmọ ogún ọdún láti orílẹ̀-èdè Switzerland. Ó máa ń gbálẹ̀ kí n tó jí.

5. Dókítà Pell gbé gbòǹgbò yaqona, tí a máa ń gún pò mọ́ omi mu láti gba àlejò, wá bó ti yẹ, ó jókòó, ó pàtẹ́wọ́, ó mu. Èmi ni ògbufọ̀. Baálẹ̀ sọ fún un pé, “Gbogbo òkun yìí tiyín ni, ẹ wọ ibi tó bá wù yín. Nadaveta nìkan ni kí ẹ má fẹsẹ̀ kàn.” Ó ní òun ti gbọ́, ó sì fọwọ́ sí ìwé ìpàdé. Ẹ̀dà ìwé náà ni Àfikún Kìn-ín-ní.

6. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí wọ́n ri ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan sí àárín Nadaveta, níbi tí omi ti jìn tó mítà mẹ́rìnlá. A kò mọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ohun tó sọ fún wọn ni pé ibùdó keje nìyẹn. Òru kọkànlélógójì ni a wà nígbà náà.

7. Iṣẹ́ Ladina ni kó máa gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà bá gbà sílẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ sí etíkun, kó sì kọ ohùn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: edé tó ń ta pá-pá-pá, ẹja tó ń kùn, àbùùbùtán tó ń ké lókèèrè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ló máa ń jókòó sí. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà, mo ń rin àgbọn lọ́wọ́, ó bá yọ ohun tó kì bọ etí, ó ní, “Màmá, ta ló máa ń gbá ara ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà omi yẹn?”

Mo ní ọkọ̀ kankan kì í débẹ̀.

Ó fi ìka gbá tábìlì láti júwe rẹ̀ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dúró díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkọ mi fi gbá àjẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ rẹ̀ báyẹn, bó bá ti ń wọ Nadaveta bọ̀ wálé, kí n lè gbé ìkòkò kaná. Mo bi ọmọ náà pé aago mélòó ló máa ń gbọ́ ọ. Ó wo ìwé rẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán, lójoojúmọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ri ẹ̀rọ náà. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé mo ti rin ọwọ́ mi mọ́ àgbọn. Ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú àwo.

8. Mo ní láti kọ ẹ̀bi tèmi sílẹ̀ níbí. N kò sọ fún un. N kò sì sọ fún baálẹ̀ títí ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, mo máa ń gba ohun ìgbọ́ràn náà lọ́wọ́ ọmọ yìí, èmi náà á kì í bọ etí. Òun ni. Bí ẹ bá ti bá èèyàn gbélé pẹ́, ẹ óò mọ̀ bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn.

9. Nígbà tí baálẹ̀ pè é, Dókítà Pell fi pẹ̀lẹ́tù dá wa lóhùn. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ̀wọ̀n tó so ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ ló ń kọlu àpáta nígbà tí omi bá yí. Ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba ara wa.” Abúlé apẹja ni abúlé wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà níbí mọ̀ pé òkun kì í yí ní aago kan náà lójoojúmọ́. Bó bá yí ní aago mẹ́rin lónìí, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó márùn-ún lọ́la. Ohun tí omi bá ń gbá kò lè máa pa àkókò mọ́. Ọ̀mọ̀wé ni Dókítà Pell, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù wá lọ. Ó ṣèlérí pé òun yóò yọ ẹ̀rọ náà. A bẹ̀rẹ̀ sí ka òru láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà.

10. Kò yọ ọ́. Ìwé tiwọn fi hàn pé wọ́n wẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù Keje láti pààrọ̀ bátìrì. Gbogbo òru tí a ń kà nígbà náà, òfo ni.

11. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ohùn náà lórúkọ. Ọ̀gbẹ́ni Aago Mẹ́rin ni wọ́n ń pè é. Bí àkókò bá tó, ọ̀kan nínú wọn á ní, “Ọ̀gbẹ́ni Aago Mẹ́rin ò tiẹ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí,” àwọn yòókù á sì rẹ́rìn-ín. N kò bínú sí wọn. Èwe ni wọ́n, ẹnì kankan kò sì sọ fún wọn ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje, mẹ́ta nínú wọn, tí Ladina wà lára wọn, wa ọkọ̀ dé orí ibẹ̀, wọ́n sì fi irin gbá ara ọkọ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n dá a lóhùn.

Kò sí ohùn kankan nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà mọ́. Edé pàápàá dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ní àkókò rẹ̀, ohùn náà padà wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ọkọ̀ ló ń gbá mọ́. Ẹ̀rọ náà gan-an ló ń gbá. Ladina kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: “Ó ti sún mọ́ wa.” Ojú ìwé yẹn ni Àfikún Kejì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Bí aago bá ti ń lọ sí mẹ́rin, á dìde, á lọ jókòó sétí omi.

12. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje, Apenisa Koroi, aládùúgbò mi, ẹni àádọ́rin ọdún, ń tún àwọ̀n ṣe ní etíkun. Ó rí i tí Ladina wọ inú omi tòun taṣọ. Ó ké sí i. Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó gbọ́, ó sì ń lọ. Apenisa mọ̀ pé èèwọ̀ ni, síbẹ̀ ó ti ọkọ̀ sómi tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún baálẹ̀ ni mo kọ yìí, òun náà sì ti tẹ̀ka sí i. Ó bá a ní àárín gbùngbùn Nadaveta. Ibẹ̀ ni omi ti ń fà jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ omi wẹ̀ kò lè dúró síbẹ̀. Ọmọ náà dúró. Kò jupá, kò jusẹ̀. Omi mu ún dé àyà, kò sì kúrò lójú kan, lórí omi tó jìn ní mítà mẹ́rìnlá. Apenisa ní ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ gbé dání. Nígbà tó fà á sínú ọkọ̀, kò wúwo. Ó wo ojú Apenisa, ó sì sọ̀rọ̀ ní èdè wa, èdè tí kò gbọ́ ju kí ó kíni lọ. Ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún Seru pé kó gbé ìkòkò kaná.”

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí ní Seru láyé.

13. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin abúlé lọ fa ẹ̀rọ náà jáde. Dókítà Pell gbà á lọ́wọ́ wọn, òun àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó fi Ladina ránṣẹ́ sílé. Ó kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ sí yín pé oòrùn ló mú ọmọ náà, pé ìtàn àwọn tó gbà á sílé ló kó o láyà jẹ, àti pé abúlé yọ̀ǹda Nadaveta fún òun. Ti oòrùn, n kò lè sọ. N kò sọ ìtàn kankan fún ọmọ náà. Bí mo bá sọ ọ́ ni, bóyá ì bá má wọ omi. Ti ìyọ̀ǹda, irọ́ ni, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sì wà níwájú yín.

14. A gbọ́ nísinsìnyí pé ó ti béèrè àṣẹ tuntun lọ́wọ́ yín. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá ni yóò kó wá ní ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá, ẹ̀rọ mẹ́rin ni yóò sì rì, gbogbo rẹ̀ sí Nadaveta. Ohun tó pe iṣẹ́ náà ni ìwádìí lórí ohùn tí a kò mọ orísun rẹ̀. Àwọn ọmọ tó sanwó wá tọ́jú ìjàpá ni yóò máa fi dá a lóhùn.

15. Ladina kọ lẹ́tà sí mi nínú oṣù tó kọjá. Àárín òkè ni ìlú wọn wà, òkun jìnnà sí wọn pátápátá. Ó ní ara òun ti yá, òun sì ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀, tí í ṣe aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán níbí, ohun kan ń gbá páìpù omi inú ògiri yàrá òun. Ó ní kò ba òun lẹ́rù. Bí ẹni tó ti dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ló ṣe rí. Ó wá béèrè pé, “Màmá, kí ni kí n dá a lóhùn?” Ọjọ́ mọ́kàndínlógún nìyí tí lẹ́tà náà ti wà lórí tábìlì mi. Mo kọ́ ọmọ púpọ̀ ní bí a ti ń kọ lẹ́tà. N kò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí.

16. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní ni pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ sí ẹ̀rọ kankan tàbí ìwẹ̀ kankan ní Nadaveta. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ wá ka ẹyin ìjàpá, ilé wa ṣí sílẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Keje tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí ka òru, òru kọkànléláàádọ́ta ni alẹ́ òní. Bí ọkọ̀ Dókítà Pell kò bá wọ ibẹ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ni iye náà yóò pé.

Èkejì ni pé kí ẹ ṣàtúnṣe ohun tó kọ sínú ìwé yín nípa ìyọ̀ǹda wa.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ gba ohùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ fún Manasa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òbí rẹ̀, a ti kan pósí, a ti hun ẹní, a kò sì ní ohun tí a ó gbé sínú rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ Dókítà Pell nìkan ló kù lára ọkọ mi. A fẹ́ lọ sin ín.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ wa dé òpin. À ń retí èsì yín kó tó di ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Seruwaia Ravulo (Ìyáàfin),
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, opó olóògbé Manasa Ravulo.

Mo jẹ́rìí sí i: Ilaitia Nakeke, Baálẹ̀ Vunisei.