Ìjọ Tí Kùmásí Lè Bá Kọrin

Ọjọ́ Ìsinmi, 4 oṣù karùn-ún, 2025

Kùmásí kò lọ sí ìsìn lónìí. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí. Ìyá mi ni Kùmásí o — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kí Gánà tó lé wọn lọ́dún 1969 tí wọ́n fi wá sí Bouaké níbí, ní Ivory Coast. Ó ní orúnkún ń dun òun. Irọ́ ni. Àná ló fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ aṣọ mi ní ọjà Grand Marché, tó bá mi ká aṣọ títí di ìrọ̀lẹ́.

Orin ló lé e, mo mọ̀. Láti oṣù kejì ni ìjọ wa ti pa Ìwé Orin tì. Faransé ni báyìí. Ẹ̀rọ kan ń tan ọ̀rọ̀ orin sára ògiri, Thierry sì ń tẹ dùùrù bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ajé, 5

Mo bi í léèrè. Ó ń ṣa ìrẹsì, kò gbójú sókè. "Kí n tó mọ ohun tí ẹ ń wí, ẹ ti lọ."

Ó dùn mí wọra. Mo máa wá ìjọ mìíràn fún un. Ìjọ Yorùbá, orin àtijọ́, àwọn èèyàn tó mọyì àgbà.

Ìsinmi, 11

Mo kọ́kọ́ dá lọ wo ìjọ Yorùbá kan lẹ́yìn ọjà. Ìwé Orin lọ́wọ́ kálukú, orin tó gún. Inú mi ti ń dùn. Kò sẹ́ni tó kí mi. Obìnrin kan ní kí n dìde, àyè ìyá ọkọ òun ni. Mo dìde.

Mi ò ní mú Kùmásí débẹ̀.

Ìsinmi, 18

Èmi àti Kùmásí. Ìjọ tuntun kan. Wọ́n dì mọ́ wa, wọ́n fún wa ní bísáàpù, omi ìṣápá tútù, wọ́n béèrè orúkọ gbogbo ọmọ wa. Ṣùgbọ́n sípíkà ńlá mẹ́rin — nílé, Kùmásí ní èèyàn dáadáa ni wọ́n, kí Ọlọ́run bá wọn ṣọ́ etí wọn.

Ọjọ́rú, 21

Mireille tó ń ta ọṣẹ níwájú ìsọ̀ mi ní kí n mú màmá wá sí ìjọ àwọn ní Brobo, pé orin àtijọ́ ni wọ́n ń kọ. Ìjọ Baoulé, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibí! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Yorùbá ni mo ń wá. Ó bi mí bóyá Ọlọ́run àwa Anango, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, ò gbọ́ Baoulé ni.

Ẹtì, 23

Kùmásí ń kọrin nídìí ààrò. Á fi ẹnu lásán sọ ìlà kan, á wá kọ ọ́. Á sọ òmíràn, á kọ ọ́. Àbí ogbó ti ń dé? Ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Ìsinmi, 25

Òjò. A ò lọ síbì kankan.

Ìsinmi, 1 oṣù kẹfà

Brobo. Mireille ò jẹ́ n sinmi, mo gbà.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, òrùlé páànù, kò sí dùùrù, kò sí ẹ̀rọ. Wọ́n dìde fún Kùmásí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi í sí àga iwájú. Bàbá arúgbó kan, Jonas lorúkọ rẹ̀, mú ìwé. Ó ka ìlà kan, gbogbo ìjọ kọ ọ́. Ó ka èkejì, wọ́n kọ ọ́ — nítorí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀wé. Ohùn orin náà, tiwa gan-an ni.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni Kùmásí ti ń fi Baoulé nájà. Nígbà tó fi máa di ìlà kẹta, ohùn rẹ̀ ti bo tèmi. Omi lé sí mi lójú.

Nínú mọ́tò, ó di ọwọ́ mi mú. "Bàbá yẹn dúró dè mí."

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí Bàbá Ọláṣẹ̀hìndé, olórí akọrin wa tó ti kú, tó máa ń ka ìlà orin fún wa bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kùmásí ò wọ ilé ìwé rí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara ògiri ṣe? Ta ló sì dìde nípàdé oṣù kìíní, tó ní ìlà kíkà ń fi àkókò ṣòfò, kí a ra ẹ̀rọ? Èmi. Èmi Mojọlá.

Ajé, 2

Mi ò sùn dáadáa. Láàárọ̀ mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo ní kí wọ́n dá ìlà kíkà dúró.

Ó ń da ògì sínú ife. "Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ̀yìn rẹ gan-an ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà."

Ó gbé ògì fún mi. Ó wá béèrè aago tí mọ́tò Brobo ń gbéra ní Ọjọ́ Ìsinmi.