Màmá Ò Gbàgbé Ọ̀rọ̀ Wọn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Bàbá ti ń san, àmọ́ òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò.

Ara mi ò balẹ̀. Ọ̀la la máa ṣe eré orí ìtàgé wa níbi àjọ̀dún eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èmi sì ni mo máa kó ipa ọmọ tó ti àjò dé. Lánàá, Màmá ń bá mi ka ipa ìyá. Mo wọlé, mo ní, "Màmá, mo ti dé." Wọ́n kàn ń wò mí. Mo ṣebí wọ́n gbàgbé ni, mo bá rọra ta wọ́n lólobó: "Káàbọ̀, ọmọ mi."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún ni ò tíì dé."

Ẹ má wulẹ̀ fowó ránṣẹ́ o. Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀. Ẹ wá gba "káàbọ̀" yín. Mi ò lè máa bá yín gbà á.

Àbúrò yín.