Ohun Tí Àwọn Èèyàn Sọ Nípa Ìtàn Ilé Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ẹ ti kúrò láàárín wa, mi ò sì mọ̀ bóyá lẹ́tà máa ń dé ibi tí ẹ wà. Bí kò bá tiẹ̀ dé, n óò ti sọ tẹnu mi. Ara mi le. Ara Màámi náà le, àfi ojú wọn tó ti ń ṣe bàìbàì. Nàìjíríà ti gba òmìnira lẹ́yìn tí ẹ lọ, wọ́n pín ife àti àsíá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Èmi náà ti di tíṣà, kíláàsì kejì ni mò ń kọ́. Àga tí mò ń jókòó lé níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ kàn án. Ìṣó kan ti yọrí lára rẹ̀, ó sì ti ya búbà mi lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ni.

Ìwé kan ló mú mi kọ̀wé sí yín. Ẹ máa rántí Tíṣà Àkànjí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí wọ́n máa ń wá bá yín ta ayò ní ọ̀sán Sátidé. Ẹ ó jẹ wọ́n nínú ayò, ẹ ó tún máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Tíṣà yìí, tí àwọn fúnra wọn ṣe ẹnì kẹjọ, ló kó àwa méje jọ lọ́dún tó kọjá, tíṣà mélòó kan, nọ́ọ̀sì kan, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta aṣọ, ọmọ ilé Mùsùlùmí kan nínú Ẹdẹ àtijọ́. Wọ́n ní kí kálukú kọ ìtàn kan lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya. A kọ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Òṣogbo, wọ́n sì pè é ní Ẹni Mẹ́jọ Sọ̀rọ̀ Ilé. Pupa ni èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ojú-ìwé tó gbẹ̀yìn, Tíṣà bẹ àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n kọ èrò wọn ránṣẹ́, àwọn yóò máa kà á sókè ní kíláàsì kẹta ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

A rò pé lẹ́tà méjì mẹ́ta ló máa wá. Àṣé a ò tíì mọ ará Ẹdẹ. Ẹni tí kò ra ìwé náà gan-an kọ̀wé, ó ní òun yá a kà lọ́wọ́ aládùúgbò òun, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu bí a ṣe tà á wọ́n tó.

Àgbẹ̀ kan kọ̀wé láti Alajue pé ìtàn kẹta dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n ọkọ inú rẹ̀ gbin iṣu lóṣù kẹrin, ó wà á lóṣù kẹfà, kí ẹni tó kọ ọ́ jọ̀ọ́ fún òun ní èbù irú iṣu bẹ́ẹ̀. Ó ní obìnrin tó kọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò jẹ̀bi, òpùrọ́ lọkọ rẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, nítorí àwọn fúnra wọn ló kọ ìtàn kẹta. Alàgbà kan nínú ìjọ wa kọ odidi ojú-ìwé mẹ́rin láti fi sọ pé ìwé náà kò yẹ nílé onígbàgbọ́. Ó tọ́ka sí ohun tó burú ní ojú-ìwé kẹsàn-án, sí òmíràn ní ojú-ìwé kejìlélógún, sí òmíràn nítòsí ìparí, a wá rí i pé bàbá náà kò fo ìlà kan. Ẹ̀yin ì bá rẹ́rìn-ín sí èyí. Ẹ kì í rẹ́rìn-ín sókè, èjìká yín ló máa ń mì.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà ní oríta Sekona ní kí ọmọ òun bá òun kọ tiẹ̀. Ó ní wọ́n ka ìtàn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí òun létí, òun sì ṣírò wọn. Nínú mẹ́fà, obìnrin ló kúnlẹ̀ bẹ ọkọ. Nínú ọ̀kan, ọkọ bẹ ìyàwó, ṣùgbọ́n ibà ti dá a dùbúlẹ̀ ná. "Ṣé ó dìgbà tí ọkùnrin bá ń ṣàìsàn kí ó tó mọ ẹ̀bẹ̀ ni?" Àwọn obìnrin tó wà ní kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ó ní èyí tó kù, ẹnikẹ́ni kò bẹ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń dun òun jù.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bẹ ẹnikẹ́ni yẹn, èmi ni mo kọ ọ́, Bàbá mi.

Ìtàn karùn-ún ni. Mo pè é ní "Sọ Fún Bàbá Rẹ". Télọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ kú, tí kò lọ síbi ìsìnkú, nítorí pé aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì parí lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọkọ ọmọ yòókù pé síbẹ̀, òun nìkan ni kò sí. Àwọn ẹbí ìyàwó ń wo ọ̀nà títí wọ́n fi sin òkú. Láti ọjọ́ tí ìyàwó náà ti padà wálé, kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ọkọ náà kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó ń sè, ó ń fọ̀, ó ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Sọ fún bàbá rẹ pé omi ìwẹ̀ ti gbóná. Sọ fún ìyá rẹ pé mò ń lọ sí Ìwó, ó di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni títí ọkọ fi kú.

Ẹ rí i pé mo sọ káfíńtà di télọ̀, mo sì sọ bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì di aṣọ akọrin. Ìyókù, bó ṣe rí nílé wa ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, èmi nìkan ni mo kù láàárín yín. Mo kọ bí ẹ ṣe máa ń húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọlé, kí Màámi lè mọ̀ pé ẹ ti dé. Mo kọ ti ẹran náà, bí ẹ ṣe máa ń fi èyí tó tóbi jù sílẹ̀ nínú àwo, tí ẹ ó ní kí n sọ fún ìyá mi pé ẹ ti yó. Màámi á jẹ ẹ́. Mi ò mọ irú ìjà tí èèyàn á máa jà, tí á tún máa fi ẹran sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n?

Lórí ìtàn yìí ni lẹ́tà ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní télọ̀ náà kò láàánú, pé bí iná tiẹ̀ ń jó ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn gbọ́dọ̀ lọ sin ìyá ìyàwó rẹ̀. Àwọn kan ní ìyàwó náà le koko, pé ọdún mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù láti fi bínú. Tíṣà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, wọ́n sì ń ka tọ̀tún tòsì. Mo jókòó sẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín.

Ó wá ku lẹ́tà ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ìlà kan péré ló kọ. Ó bèèrè bóyá ọmọ náà ń jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Tíṣà kà á, wọ́n ní ìbéèrè tó dára ni, wọ́n mú òmíràn. Èmi kò gbọ́ èyí tí wọ́n kà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín báyìí. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọyẹ́ ń fẹ́. Màámi pè mí sí ilé ìdáná, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní: "Lọ sọ fún bàbá rẹ pé ọ̀rọ̀ yìí ti tó. Kó wá jẹun lọ́dọ̀ mi níbí lónìí." Mo dé ìsọ̀ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ ń fá pákó, ẹ sì ń bá àwọn oníbàárà yín ṣàwàdà. Ẹ wò mí. Mo ní Màámi ní oúnjẹ ti délẹ̀. Ẹ ní kí n gbé e wá, bí ẹ ṣe máa ń wí lójoojúmọ́. Mo padà lọ gbé e. Màámi bu ọbẹ̀ sí i, wọn kò bi mí ní nǹkan kan, wọn kò sì rán mi ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ẹ fi kú.

Mo ti ro ìdí tí mo fi ṣe é títí. Ojú ń tì mí níwájú àwọn èèyàn. Iṣẹ́ jíjẹ́ sì ti sú mi. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé nílé wa nígbà náà, kò sí ẹni tó lè ṣe ohunkóhun láìpè mí, bóyá n kò fẹ́ kí ó tán. Mi ò kọ ìyẹn sínú ìtàn. Mo jẹ́ kí ọmọ náà jẹ́ ọmọ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ bi yín láti ọdún mẹ́rin ni pé, bí mo bá jíṣẹ́ náà, ṣé ẹ̀ bá wá?

Màámi nìkan ló kù tí mo lè jẹ́wọ́ fún, mi ò sì ní ìgboyà. Àṣé ìwé náà ló máa mú mi jẹ́wọ́. Mo ti yí orúkọ gbogbo èèyàn padà, mo yí oríkì, mo yí agbo ilé, àfi orúkọ kan ṣoṣo. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, òun ló máa fi orúkọ tirẹ̀ sọ wọ́n. Àbúrò yín obìnrin, Eyínafẹ́ ni Màámi sọ wọ́n. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilé, Àǹtí ni mò ń pè wọ́n, nítorí náà Eyínafẹ́ kò jọ orúkọ lójú mi. Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹnu Màámi lásán, mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn. Kò sì sí ìyàwó kan ní agbo ilé wa tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé náà kò tíì lo ọjọ́ méjì lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi mọ ẹni tí télọ̀ yẹn jẹ́.

Àǹtí wá sílé ní ọjọ́ kẹta, wọ́n há ìwé náà sí abíyá. Nínú ìtàn, àwọn ni wọ́n ń sọ fún ọkọ pé ọkùnrin kì í bẹ ìyàwó.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo ní kí bàbá rẹ má bẹ ìyá rẹ?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dákun.

"Mo sọ ọ́. Mi ò ní mi ò sọ ọ́. Ṣé gbogbo Ẹdẹ ló wá yẹ kó gbọ́ ni?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó sì dùn o. Ẹ̀ẹ̀mejì lọmọ mi kà á fún mi."

Inú ilé ni wọ́n gbà lọ tààrà, wọ́n sì sọ fún Màámi pé mo ti kọ wọ́n sínú ìwé.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, Màámi gbé àtẹ ẹ̀gúsí kalẹ̀, wọ́n ní kí n wá kà á. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí lọ, wọn kò gbójú sókè. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní:

"Kò tíì parí. Ọjọ́ tí mo ní kó o pè é wá jẹun ńkọ́? Mi ò gbọ́ ìyẹn níbẹ̀."

Mo ní n kò jíṣẹ́ náà fún yín, Bàbá mi. Mo sọ ọ́ tẹkúntẹkún.

"Mo mọ̀," Màámi wí. "Mo tẹ̀lé ẹ lọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìsọ̀ ni mo wà, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó máa fèsì. Ìwọ ni mo gbọ́." Wọ́n fẹ́ èèpo kúrò lórí àtẹ. "Mo bínú sí ẹ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó ṣe, mo rò ó pé ibi tí mo dúró sí yẹn, bí mo bá na ọwọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ta ló dì mí lẹ́sẹ̀? Mo lẹ́nu, mo lẹ́sẹ̀, mo wá lọ gbé ọ̀rọ̀ ilé mi ru ọmọ ọdún mẹ́wàá. Má sunkún mọ́. Sún mọ́bí, bá mi ṣà á."

Mo sún mọ́ wọn, a jọ ṣà á.

Tíṣà fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ àtúnṣe kó mú un wá. N óò fi iṣẹ́ tí n kò jẹ́ yẹn kún un. N óò yọ Eyínafẹ́ kúrò. Mo ti bẹ Màámi, wọ́n ti bẹ èmi náà, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Ọ̀rọ̀ tiyín nìkan ló kù nílẹ̀.

Láti ìdí tábìlì iṣẹ́ yín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ìgbésẹ̀ méjìlá ni. Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo máa ń kà á, kí ọbẹ̀ gbígbóná má bàa dà sí mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, Bàbá mi. Kí ló ṣe ẹ̀yin?

Èmi ni ọmọ yín, tó ń bínú sí yín díẹ̀, tó sì fẹ́ràn yín ju bẹ́ẹ̀ lọ.