Lẹ́tà Ọ̀nà Imasayi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Káyọ̀dé, tí mo kà sí àbúrò, sẹ́ mi lónìí lójú gbogbo ìlú.

Òun ló ní kí n kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ nípa ọ̀nà wa tó bàjẹ́. Inú pálọ̀ mi ló jókòó sí, ó ń sọ, mo ń kọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ sí i, mo wà lẹ́yìn yín." Kò tíì di káńsẹ́lọ̀ nígbà náà.

Lónìí, alága ẹgbẹ́ òṣèlú Káyọ̀dé wá sí ìpàdé ìlú, ó gbé lẹ́tà náà sókè, ó fìbínú bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Káyọ̀dé dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ dúró ti alága. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o. Ìyá yìí ló dá a ṣe."

Ìyá yìí. Kò tilẹ̀ lè dárúkọ mi.

Mo dìde. "Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Ìyàwó Mùfú, aládùúgbò wa, bímọ sẹ́bàá ọ̀nà yẹn torí ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀."



Káyọ̀dé pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìpàdé. "Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ní láti jìnnà sí yín díẹ̀ ni, nítorí ìbò."

Mo ní kó kúkú jìnnà dáadáa, mo sì pa fóònù. Ìgbà yẹn ni mo wá sunkún. Kì í ṣe nítorí ọ̀nà.